Ilé Ìyá Àwẹ̀ró Tó Dúró Lójú Àgbàrá

Irọ́ ni Sùnmọ́nù pa fún yín. Ó ní ọdẹ kan ló kọ́kọ́ pa òwe àgbàrá yẹn lọ́jọ́ tí ilé rẹ̀ wó? Bí ilé bá ti wó, kí ni onílé wá kọ̀ tí kò gbà? Sùnmọ́nù kò kọjá afárá ìlú yìí rí. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ìwé kejì ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú wo ló ní ọjà tí mi ò tíì sùn níbẹ̀ rí? Mo dé Òkè-Ayìn gan-an, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Kí Sùnmọ́nù jókòó síbi tó wà, kí ẹ̀yin gbọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀gá àwọn amọlé kan wà láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Ògúnṣakin. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè bí ìlú bá fẹ́ tẹ̀dó, tàbí tó bá fẹ́ fẹ̀ sí i. Ẹni tó ń mọ ògiri wà nínú wọn, ẹni tó ń fi bẹẹrẹ bolé wà, ẹni tó ń la ọ̀nà wà. Gbẹ́nàgbẹ́nà wọn ni Ọnàjídé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ewéjẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun ló mọ igi tó yẹ ká gbìn síwájú ilé, ó sì mọ èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń la ògiri. Gbogbo wọn jẹ́ mẹ́tàdínlógún, òfin kan ló sì so wọ́n pọ̀: wọn kì í kan èèkàn mọ́lẹ̀ níbì kankan láì tíì bi àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà léèrè bí wọ́n ṣe ń gbé e. Wọ́n ní ilẹ̀ lẹ́nu, ẹnu ẹni tó ń gbé orí rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀.

Ní ọdún kan, Baálẹ̀ Òkè-Ayìn ránṣẹ́ sí wọn. Ogun ti lé ogójì ìdílé wá bá a, abẹ́ igi ni wọ́n ń sùn.

Baálẹ̀ ní, “Ògúnṣakin, bá mi la àdúgbò tuntun fún wọn ní ìsàlẹ̀ òkè. Mi ò fẹ́ kí òjò bá wọn níta.”

Ògúnṣakin ní, “Kò ní bá wọn níta, Baba. Mo ti sọ ọ́.”

Ẹ̀ẹ̀rùn mú nígbà náà. Òun àti Baálẹ̀ jọ sọ̀kalẹ̀ lọ wo ilẹ̀. Ó bi Baálẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, Baálẹ̀ dá a lóhùn, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti pa òfin ẹgbẹ́ mọ́. Ní ìsàlẹ̀ òkè ló ti rí i: iyanrìn funfun kan tó lọ gbọọrọ láti ẹsẹ̀ òkè dé etí odò, ó fẹ̀, ó mọ́, kò sí kùkùté, kò sí koríko. Inú ọ̀gá dùn. Ó ní ẹ wo títì tí Ọlọ́run ti là dè wá. Wọ́n kan èèkàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ilé kan ṣoṣo ló dí wọn lọ́wọ́. Opó kan, Ìyá Àwẹ̀ró, ló ni ín, ogójì ọdún ló ti ń gbé inú rẹ̀, ó sì wà ní òpin iyanrìn náà. Ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀ nípọn ju orí rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ilé, níhà òkè, òkìtì ilẹ̀ kan wà tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń na okùn ìwọ̀n, òkìtì yẹn dí okùn, wọ́n bá fi ọkọ́ gé etí rẹ̀ kan kúrò.

Ògúnṣakin lọ bá ìyá náà níbi tó ti ń pa ẹ̀kùrọ́.

“Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́ márùn-ún la fún yín kẹ́ ẹ fi kó ẹrù. A ó mọ òmíràn fún yín lókè. Ojú títì nilé yín wà.”

Ìyá náà pa ẹ̀kùrọ́ mẹ́ta kó tó gbójú sókè. “Títì wo?”

“Èyí tó funfun yẹn.”

“Ẹsẹ̀ ta ló là á?”

Ògúnṣakin yíjú wo iyanrìn náà.

“Ọmọ mi, o rí ọ̀nà tó mọ́ tónítóní, ewúrẹ́ kan ò gba ibẹ̀ kọjá, o ò wá béèrè ẹni tó ń gbá a? Àgbàrá ló ń gbá a. Ọdọọdún ló ń gbabẹ̀.”

“Bó bá ń gbabẹ̀, Ìyá, báwo nilé yín ṣe dúró fún ogójì ọdún?”

“Mò ń gbé inú ẹ̀ ni,” ló fi dá a lóhùn, ó sì tún mú ẹ̀kùrọ́ mìíràn. “Ibí ni mo bí ọmọ mẹ́fà sí. Mi ò lọ.”

Nígbà tí ọ̀gá padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní agídí arúgbó ni, pé àgbàrá tó ń yà fún ilé opó látọjọ́ yìí, àgbàrá kékeré ni.

Ọnàjídé ní, “Ọ̀gá, ta lẹ bi léèrè kẹ́ ẹ tó kan èèkàn?”

“Mo bi Baálẹ̀.”

“Baálẹ̀ tó ń gbé orí òkè. Ìgbà wo lomi gun òkè lọ kí i?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ògúnṣakin ò rẹ́rìn-ín. Ó ní èèkàn kò ní kúrò, pé tó bá di ọjọ́ karùn-ún, àwọn á wó ilé náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí oòrùn kàn tàrí, ojú ọ̀run ṣú. Òjò tí wọ́n ń retí lóṣù tó ń bọ̀ ló dé yẹn. Ògúnṣakin sáré lọ wo èèkàn rẹ̀, kò bá ẹyọ kan. Omi pupa ló bá lójú títì rẹ̀, ó ga dé itan, ó ń yí ìtì igi níwájú. Ó dúró kó lè rí ibi tí omi náà ti máa yà fún ilé opó. Omi náà ò yà. Ilé gan-an ló kọrí sí.

Ìyá Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn ilé, ó so ìró mọ́ àyà, ó ń fi ọkọ́ wọ́ amọ̀ síbi tí òkìtì ti gé. Bó ṣe ń dí i lomi ń gbé e lọ.

“Ẹ kúrò níbẹ̀, Ìyá, á gbé yín lọ.”

“Ta ló gé òkìtì mi?”

Ọ̀gá wo ojú ibi tí ọkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti gé.

“Bó o bá lọ́wọ́, gbé amọ̀ wá.”

Ó figbe ta, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sáré dé. Ewéjẹ́ bẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà lulẹ̀. Ọnàjídé gbé ilẹ̀kùn tó ti ń fín fún Baálẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti dé ìlú, kò bi ẹnikẹ́ni, ó fi dí ojú àlàfo náà. Ògúnṣakin jókòó sínú omi, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kó má baà ṣí, àwọn yòókù ń kó amọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e. Ọkùnrin tó ń pàṣẹ fún èèyàn mẹ́rìndínlógún, opó ló wá ń pàṣẹ fún un.

“Tì í. Má dìde. Mo ní o ò gbọdọ̀ dìde.”

Kò dìde. Omi kọlu òkìtì náà, ó ru gùdù, ó wá pín sí méjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sódò. Nígbà tí òjò dá, ilé ṣì dúró.

Ògúnṣakin ń gbọ̀n nídìí ààrò ìyá náà. Ó ní, “Ìyá, mo rò pé àgbàrá yìí ń bọ̀wọ̀ fún ilé yín ni. Mo rò pé ó ti gbà láti máa yà fún un.”

Ìyá Àwẹ̀ró ń fún ìró rẹ̀. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Kò sọ fún mi rí pé òun ò ní wó o. Ọdọọdún ló ń wá wó o. Èmi ni mi ò gbà fún un.”

Pẹ̀lú aṣọ tútù lára ni ọ̀gá gun òkè lọ bá Baálẹ̀. Ó ní òun ló ṣìṣe, òun ò bi ẹni tó yẹ kóun bi, kí wọ́n yọ̀ǹda òun kóun tún un ṣe. Wọ́n fi iyanrìn funfun sílẹ̀ fún omi tó ni ín. Ewéjẹ́ gbin ọparun sí etí rẹ̀. Wọ́n mọ ilé sí èjìká ilẹ̀, ibi tó ga díẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì iyanrìn náà, ẹsẹ̀ ògiri kọ̀ọ̀kan nípọn bíi ti opó, òkìtì tó tẹ̀ bí ọrun sì wà lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló ń fi gìgísẹ̀ ta òkìtì wò. Èyí tó bá fọ́, kí onílé rẹ̀ tún un mọ. Òjò kejì ṣì bá àwọn ogójì ìdílé níta, wọ́n fi ẹní borí. Òjò kẹta kò bá wọn.

Látìgbà yẹn, bí àlejò bá wọ Òkè-Ayìn lẹ́yìn òjò, tó ní omi ìlú wọn mà lójú àánú o, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, “Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.”

Ó yá, àkàrà ń hó lọ́hùn-ún. Ẹ lọ ra mẹ́fà fún mi pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná, kó má jẹ́ mẹ́rin o. Mi ò ní dìde níbí títí ẹ ó fi rà á.