Ẹ Kú Ẹnubodè
Wọ́n yọ mí kúrò nínú ìrìn àjò alùpùpù ẹgbẹ́ wa láti Abẹ́òkúta dé Lómè, èmi tí mo ti ń gun alùpùpù kí wọ́n tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ògúnṣọlá, ọ̀gá ẹgbẹ́, ní mi ò gbọ́ Faransé. Àfi bí aṣọ́bodè tó wà ní Kétu lódìkejì bá gbọ́ èdè mi kí n tó lè bá wọn lọ. Ó pe ọ̀kan lórí fóònù, ó fi Faransé kí i, ó wá na fóònù sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ìyá Dúrótóyè, ó yá, ẹ sọ tiyín." Mo ní, "Ẹ kú ẹnubodè o, ọmọ Alákétu!" Ọkùnrin náà pariwo, "Yéè, ìyá mi! Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ògúnṣọlá, aṣọ́bodè béèrè ọ̀rọ̀, ó ń retí èsì. Ìgbà wo là ń lọ? Dá mi lóhùn!