Akèrègbè Òsífẹ̀sọ̀

Àwọn ará etí ọ̀sà a máa sọ pé, "Akèrègbè ní í gbé atukọ̀ dé èbúté, kì í ṣe àjẹ̀." Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Ta ló rí akèrègbè tó ń tu ọkọ̀ rí? Ṣùgbọ́n ìwà burúkú kan ló wà nídìí òwe náà, ó sì pẹ́ gan-an kí ó tó jáde lẹ́nu ẹni tó hù ú.

Ní abúlé Ìdí-Àgbọn, ọdọọdún ni wọ́n ń bá àwọn ará Agbódù fi ọkọ̀ díje nígbà ọyẹ́. Ènìyàn méjì ní í tu ọkọ̀ kan. Ẹni iwájú ní í pọn omi mímu sínú akèrègbè. Ẹni ẹ̀yìn, tó ń darí ọkọ̀, ní í tọ́jú rẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjá òpó kan tí apẹja so àwọ̀n mọ́, kálukú a mu díẹ̀, kí òùngbẹ tó dé. Ìgbà òjò nìkan ni omi ọ̀sà ṣeé mu. Bí ọyẹ́ bá mú, omi òkun a wọlé, gbogbo rẹ̀ a di iyọ̀.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Òsífẹ̀sọ̀ ló jókòó níwájú. Ṣóbándé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ẹbí, wà lẹ́yìn. Òsífẹ̀sọ̀ pọn omi kún akèrègbè dé ọrùn. Nígbà tí ọkọ̀ Agbódù yọ síwájú, ó gbọ́ tí omi ń dà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ ni. Ẹni iwájú kì í wẹ̀yìn. Nígbà tó na ọwọ́ sẹ́yìn fún omi, Ṣóbándé ní kí ó ṣì máa tukọ̀. Nígbà tó tún na ọwọ́, Ṣóbándé ní omi ò sí. Oòrùn mú, apá Òsífẹ̀sọ̀ kú, ojú rẹ̀ ṣú, àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Agbódù borí.

Àwọn àgbà bèèrè ohun tó dé.

"Kò pọn omi," ni Ṣóbándé wí.

Òsífẹ̀sọ̀ búra títí, ṣùgbọ́n akèrègbè òfìfo ni wọ́n bá nínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò fi í sínú ọkọ̀ ìdíje mọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Atukọ̀-má-pọnmi. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja a máa bi í pé, "Má-pọnmi, ṣé o rántí wọ ṣòkòtò lónìí?"

Kò bá Ṣóbándé jà. Kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn kan ní kí ó gbàgbé. Gbígbàgbé kì í fọ orúkọ. Akèrègbè yẹn gan-an ló ń gbé lọ sódò, òjò ì báà máa rọ̀, kí gbogbo ayé lè rí i pé òun pọn omi.

Irun àwọn méjèèjì funfun. Lọ́dún kan, iyọ̀ tètè wọ ọ̀sà. Ṣóbándé dá nìkan lọ sídìí àwọ̀n rẹ̀ lọ́nà jíjìn, kò gbé omi, bó ti ń ṣe láti ìgbà òjò. Ó fi ọwọ́ bu omi ọ̀sà mu, iyọ̀ ni. Òùngbẹ wá le sí i, afẹ́fẹ́ sì ń tì í padà. Níbẹ̀ ni Òsífẹ̀sọ̀ ti bá a lọ́sàn-án gangan, ètè rẹ̀ ti là, àjẹ̀ tuntun wà lórí itan rẹ̀, kò lè gbé e.

Òsífẹ̀sọ̀ dúró. Ó rò ó pé òun lè kọjá; kò sẹ́ni tó ń wo òun. Ó tún rò ó pé bí ọkùnrin yìí bá kú, òótọ́ inú rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Ó sún mọ́ ọn, ó na akèrègbè sí i.

Ṣóbándé dá akèrègbè náà mọ̀. Kò gbà á. "Òsífẹ̀sọ̀," ohùn rẹ̀ ti há, "lọ́jọ́ náà..."

"Ẹ mu ná, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu gbígbẹ kì í jẹ́wọ́."

Ó mu díẹ̀, ó sinmi, ó tún mu. Nígbà tí apá rẹ̀ sọjí, wọ́n jọ ń tukọ̀ lọ, ọkọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ní gbogbo òpó tí wọ́n kọjá, Òsífẹ̀sọ̀ ń na akèrègbè sí i.

Èrò ti pé sí èbúté. Àwọn ọ̀dọ́ ń yin Ṣóbándé pé apá bàbá ṣì le, àjẹ̀ tuntun náà sì dára. Òsífẹ̀sọ̀ tẹrí ba, ó ń so ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti ń wò ó pé ọkùnrin náà ti bá omi gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì.

Ṣóbándé mú akèrègbè nínú ọkọ̀ Òsífẹ̀sọ̀, ó gbé e sókè.

"Akèrègbè ló gbé mi dé èbúté, kì í ṣe àjẹ̀," ó wí. "Ẹ gbọ́ o. Òsífẹ̀sọ̀ pọn omi lọ́jọ́ ìdíje. Ó pọn ọ́n kún dé ọrùn. Èmi ni mo mu tèmi, tí mo da tirẹ̀ nù, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́."