Òkété Amọ̀kòkò àti Àpáàdì Inú Odó

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín tín-ín-rín jù. Bàbá Ládépọ̀ nìkan ló dáhùn bí ẹni tó jẹun yó. Ẹ jẹ́ n tún un pè. Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó tó bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi gbéra, kò yà sí ààfin, kò yà sílé olówó, àgbàlá Òkété amọ̀kòkò ló lọ jókòó sí.

Ní ìgbà kan rí, ìlú àwọn ẹranko wà ní ẹsẹ̀ òkè kan tó jẹ́ kìkì àpáta. Odò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bí òjò bá ń rọ̀, odò náà a kún títí a fi fẹ́ wọlé tọ̀ wọ́n. Bí ọyẹ́ bá dé, a gbẹ, oṣù mẹ́ta ni kò sì ní sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Nítorí náà, kí odò tó gbẹ, ilé kọ̀ọ̀kan ní láti pọn omi kún àmù ńlá kan, kí wọ́n dé e, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ mu títí òjò yóò fi padà. Ilé tí kò bá ní àmù, àfi kó kó ẹrù kúrò nílùú, tàbí kí òùngbẹ pa wọ́n síbẹ̀.

Òkété ló ń mọ àmù tuntun fún gbogbo wọn lọ́dọọdún, torí ọyẹ́ a máa la ti èṣí. Ẹ má wo bó ṣe kéré. Nínú gbogbo ẹranko, ta ló mọ ilẹ̀ gbẹ́ tó Òkété? Ó mọ ibi tí amọ̀ tó dára wà. A wà á, a rẹ ẹ́ sínú omi, a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Iṣẹ́ kan wá wà tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Gbogbo ìkòkò tó bá fọ́ nílùú, òun ló ń ṣa àpáàdì rẹ̀. A dà á sínú odó, a gún un, a kù ú bí ẹni ń ku èlùbọ́, a sì pò ó mọ́ amọ̀ tuntun.

Lọ́dún kan, òjò ìgbẹ̀yìn bá ìjì dé. Ó wó ahéré Òkété lé gbogbo àmù tó ti mọ, tó ti sun, tó kù kí àwọn tó ni ín wá gbé e. Kò ku ẹyọ kan. Òkété jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Kò yára nu ojú, kò sì ní kò dun òun. Nígbà tó ṣe, ó gbé odó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn àpáàdì náà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, orin ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé ni ẹ ó gbè é o, ẹ má jẹ́ kí àwọn àgbà gbà á mọ́ yín lẹ́nu:

Àpáàdì, wọlé wá,
— Amọ̀ ń pè ọ́.
Ìwọ tó o ti mọ iná,
— Amọ̀ ń pè ọ́.
Wá kọ́ tuntun ní ìdúró,
— Amọ̀ ń pè ọ́.

Ibi tó ti ń kọ ọ́ ni Ìjàpá ti kọjá. Ẹ mọ Ìjàpá, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Kò dáko, kò sì febi sùn rí. Ó dúró, ó na ọrùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Òkété. Ẹkún lẹ̀ ń sun ni, àbí orin lẹ̀ ń kọ?"

"Méjèèjì ni, Ìjàpá."

"Báwo lèèyàn ṣe ń ṣe méjèèjì pọ̀?"

"Bó o ṣe ń wò mí yìí náà ni. Àmù mi fọ́, ó dùn mí dọ́kàn. Àpáàdì sì pọ̀ lọ́wọ́ mi, àmù ọdún yìí á le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èwo ni kí n fi pamọ́ fún ọ níbẹ̀?"

Ìjàpá fẹ́ mọ ohun tí àpáàdì wà fún. Òkété kò fi pamọ́. Ó ní, "Amọ̀ tútù kò rí iná rí. Bó bá dá nìkan wọ inú iná, ẹ̀rù á bà á, á fọ́. Àpáàdì ti wọ iná, ó ti jáde, ó tún ti fọ́. Òun ni yóò di amọ̀ tútù mú lọ́jọ́ náà."

Mo fẹ́ràn Òkété yìí, mi ò lè fi bò. Ṣùgbọ́n Ìjàpá kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó sọ. Ojú rẹ̀ wà lára apẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, torí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà kan ni ilé kọ̀ọ̀kan máa ń fún Òkété lórí àmù kan. Itọ́ kún Ìjàpá lẹ́nu. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀pà yìí yóò bá òun lára mu.

Ó di ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ wọn, Ẹfọ̀n. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kí ọlá Baálẹ̀ máa pẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, ó sì wúwo lẹ́nu mi."

"Sọ ọ́, kó lè fúyẹ́," ni Ẹfọ̀n wí.

"Àfọ́kù ìkòkò tí ẹ dà sí ààtàn ni Òkété ń pò tó ń gba ẹ̀pà yín lé lórí. Àpáàdì tí Ajá fi jẹun lánàá lẹ óò fi mu omi lọ́la."

Inú Ẹfọ̀n rú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe ìlú jọ, ó sì ní kí Òkété bọ́ sí àárín.

"Ìyá Òkété, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀ ń pò àpáàdì mọ́ àmù wa?"

"Òótọ́ ni, Baálẹ̀."

"Tuntun wá ni àmù tí ẹ̀ ń fún wa, àbí ògbólógbòó?"

"Tuntun ni. Ògbólógbòó náà sì ni."

Gbogbo ìlú hó. Ọ̀bọ ní ẹnu ìyá àgbà ti ń di méjì, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ẹfọ̀n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

"Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀, ìyá."

"Bí mo bá mú ọ̀kan, irọ́ ni mo pa fún yín."

Ẹ wo nǹkan. Ká ní ó dákẹ́ sórí tuntun ni, wọn ì bá ní kó máa lọ sílé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, síbẹ̀ kò gé òótọ́ rẹ̀ sí méjì kó fi ìdajì tọrọ àánú. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ mọ àmù fún ìlú mọ́ láéláé. Wọ́n kó gbogbo àpáàdì tó ti gún, wọ́n dà á sínú odò níṣojú rẹ̀. Òkété wo bí omi ṣe ń gbé e lọ, ó gbé odó rẹ̀ tó ṣófo, ó lọ sílé.

Ìjàpá wá bọ́ síwájú. Ó ní, "Èmi yóò mọ ọn. Amọ̀ kìkì ni n ó lò, kò ní sí ìdọ̀tí nínú rẹ̀. Kí oníkálukú ṣáà kó ẹ̀pà rẹ̀ wá ṣáájú."

Ogún ilé ló kó ogún apẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà wá. Ìjàpá fi ọjọ́ mẹ́rìnlá jẹ ẹ́. Ó fi ọjọ́ díẹ̀ tó kù mọ àmù. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ o, àwọn àmù náà lẹ́wà. Ọwọ́ Ìjàpá dán. Ara wọn ń dán bí ara ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo pa. Ìlú ń wá wò wọ́n, wọ́n ń kí i. Òkété náà wá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀kan, ó ní, "Ó dára púpọ̀. Àmọ́ Ìjàpá, tú wọn, kó o gún àpáàdì mọ́ ọn. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ìyá, ìlara ń pa yín," ni Ìjàpá wí.

Nígbà tí ọjọ́ sísun pé, odò ti di ọ̀gọ̀dọ̀. Kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ tó kù kí ọyẹ́ gbẹ omi ibẹ̀ tán, kó má sì sí ohun tí wọn yóò pọn sínú àmù mọ́. Gbogbo ìlú dúró yí àmù ká. Ìjàpá to igi, ó to koríko gbígbẹ, ó fi iná sí i.

Pàá.

"Igi ni yẹn," ni Ìjàpá wí.

Pàá. Pàá.

"Igi náà ni," ó tún wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí àgbàdo nínú agbada. Ogún àmù, kò sí èyí tó dúró. Àwọn abiyamọ kàn gbé ọwọ́ lérí. Ẹfọ̀n, pẹ̀lú gbogbo ara ńlá yẹn, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń ro ilé tí yóò kọ́kọ́ kó ẹrù. Ó ní kí wọ́n bu omi pa iná náà.

"Ẹ má pa á," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn wọn.

Òkété ni. Ó ru ìdì igi lérí. Ó kọjá láàárín wọn, ó sì kó igi náà sínú iná.

Ọ̀bọ ní, "Ṣé ẹ wá fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ìyá?"

"Inú ń bí mi sí yín, Ọ̀bọ, mi ò ní parọ́. Àánú yín sì ń ṣe mí. Ẹ jẹ́ kí iná yìí jó dáadáa, kí àpáàdì yìí lè jiná. Èyí tí kò bá jiná kò ní wúlò fún wa."

Ẹ gbọ́ bó ṣe pè é. Ó ní fún wa. Àwọn tó da iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sódò níṣojú rẹ̀ ló ń pè ní wa.

Ẹfọ̀n gbójú sókè. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù fún wa, ìyá. Kí àmù tó gbẹ, ọjọ́ á ti tán."

"Ọyẹ́ ti mú, Baálẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ odò lọ yẹn náà ló máa bá wa gbẹ àmù. Ẹ dìde. Ẹsẹ̀ yín wúwo, mo nílò rẹ̀ nínú amọ̀."

Wọ́n ti fa Ìjàpá yọ lábẹ́ koríko tó sá pamọ́ sí. Ẹfọ̀n gbé ẹsẹ̀ sókè láti tẹ̀ ẹ́ pa. Òkété dì í mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Olè ni. Ọwọ́ rẹ̀ sì dán ju tèmi lọ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gún àpáàdì rẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá bá mi dán ẹnu àmù."

Ìjàpá gún un. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Òun ló ń lé orin, àwọn tó jẹ ní ẹ̀pà ló ń gbè é:

Àpáàdì, wọlé wá,
— Amọ̀ ń pè ọ́.
Èmi tó fọ́ ọ ló ń gún ọ,
— Amọ̀ ń pè ọ́.

Òkété kò kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ rí. Òun nìkan ló ti ń ṣe é láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì ju àmù méjì lọ tó lè mọ lọ́sẹ̀ kan. Lọ́tẹ̀ yìí, àmù ogún ni, ọjọ́ kò sí. Ó kọ́ Ọ̀bọ bí wọ́n ṣe ń ku àpáàdì. Ó kọ́ Ajá bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ wọn ìnípọn ìdí àmù. Ó rìn láàárín wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ há, kò sì dákẹ́. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nídìí iṣẹ́ ló di ọ̀gá ogún oníṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sun ún. Àwọn kan fi ọwọ́ di etí. Iná jó, ó jó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n gbọ́ pàá, gbogbo wọn sì kérora. Wọ́n dúró de èkejì. Kò dún. Nígbà tí wọ́n wú eérú kúrò, mọ́kàndínlógún ló dúró gbọingbọin, ẹyọ kan ló là. Òkété rẹ́rìn-ín, ó ṣa àfọ́kù yẹn sínú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó ní tọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n gbọ́n omi tó kù nínú odò gbẹ. Ilé Ẹfọ̀n ni kò ní àmù, òun fúnra rẹ̀ ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Mọ́kàndínlógún ilé yòókù ló ń bù fún un lọ́kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́ta kọjá. Òjò dé bá gbogbo ilé níbi tó fi wọ́n sílẹ̀ sí, kò sí ẹni tó kó ẹrù. Ọjọ́ náà ni Baálẹ̀ Ẹfọ̀n kúnlẹ̀ fún Òkété nínú òjò, ó ní òun ti ní kó yan ìdajì nínú odidi, kó jọ̀wọ́, kó foríjì òun.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin tí oorun kò tíì gbé lọ. Bí ayé bá kó adùn àti ìkorò lé yín lọ́wọ́ pọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá gba ọ̀kan. Ẹ di méjèèjì mú. Ohun tó fọ́ nínú yín, ẹ má dà á nù, ẹ gún un, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ èyí tó kù. Ibẹ̀ ni agbára ti ń wá.

Èmi tí mò ń pàlọ́ yìí, ọdún kan náà ni mo sin ọkọ mi tí mo sì bímọ. Àwọn tó wá kí mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá kí, bóyá kú ọ̀fọ̀ ni àbí kú ewu. Mo ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n kí mi ní méjèèjì. Mo dáhùn méjèèjì. Ọmọ náà ló jókòó sẹ́yìn yín níbẹ̀ yẹn, tó ń bo ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín.