Agbọ̀n Orí Àjà

Akínlàjà kò ga, kò sì sanra. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà odò, ẹ ó rò pé ahunṣọ ni, nítorí èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni olórí ilé ìjàkadì ní Ìdí-Osè, ìlú kékeré kan tí kò ní ohun tí a fi lè dá a mọ̀ ju igi osè ràbàtà tó wà láàárín rẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà lábẹ́ igi náà. Ìlú mìíràn ń ta aṣọ, òmíràn ń ta iyọ̀. Ìdí-Osè ní tirẹ̀ ń kọ́ ọmọ ènìyàn bí a ti í ṣubú. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ débi tó dé.

Òfin ilé náà kò ṣòro. Ẹni tó bá wọlé, a rán bàǹtẹ́ fún un, a sì gbé agbọ̀n kan sórí àjà fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fa etí bàǹtẹ́ náà ya. Ó di àkísà nìyẹn. Kò gbọdọ̀ sán an mọ́, kò sì gbọdọ̀ jù ú nù. Akínlàjà yóò wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ló dá ọ?" Kì í ṣe "Ta ló dá ọ?" o. Ẹni tó bá dárúkọ ènìyàn, wọn a ní kó padà lọ ronú. Ìgbà tó bá tó sọ pé, "Mo yíjú wo ẹni tó ń pè mí," tàbí pé, "Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí ìjà tó parí," ni yóò tó di àkísà náà ní kókó, tí yóò sì sọ ọ́ sínú agbọ̀n rẹ̀. Ẹni tí àkísà rẹ̀ kò bá tíì pé méje kò tíì tó ẹni tí ń fi ilé náà sílẹ̀.

Agbọ̀n Akínlàjà alára wà lórí àjà. Ó kún débi pé àkísà ń yọ létí rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí kò bá sí nítòsí, wọ́n á ní nínú gbogbo ayé, bàbá àwọn ni wọ́n dá jù.

Ọmọ kan wá wọ ilé náà tí ń jẹ́ Oyèwùsì, ọmọ àgbẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ló mọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n dé góńgó: á gbá ènìyàn mú ní ìbàdí, á gbé e sókè, á sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ẹní. Kí ọdún tó yí po, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò tíì tẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún kejì pé, ẹ̀yìn òun kò tíì kan ilẹ̀ rí. Agbọ̀n rẹ̀ ṣófo lórí àjà, aláǹtakùn sì ti sọ ọ́ di ilé.

Òfin tún wà fún irú èyí. Bí ẹgbẹ́ kò bá lè dá ọmọ, olórí ilé ni yóò dá a. Akínlàjà mọ òfin náà ju ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ ó ń sún un síwájú. Ó ní kí òjò dá ná, òjò dá. Ó ní kí wọ́n kórè ná. Wọ́n kórè tán. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé inú rẹ̀ ń dùn láti ní ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò dá rí. Àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó, orúkọ Akínlàjà ni wọ́n sì ń dá bí wọ́n bá ń padà lọ.

Ọ̀kan nínú àlejò wọ̀nyí ni Madáríkàn, ìlàrí ọba Ọ̀yanrìn. Ìrìn ọjọ́ kan ni Ọ̀yanrìn sí Ìdí-Osè, ìlú ńlá ni, abẹ́ rẹ̀ ni Ìdí-Osè sì wà. Iṣẹ́ Madáríkàn kò ju kó máa wá ọ̀dọ́ tí yóò máa jà níwájú ọba. Bí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ bá dá ẹlòmíràn, ọba a ta á lọ́rẹ aṣọ. Lọ́jọ́ tó dé yìí, ó fá ìlàjì orí rẹ̀ bí ìṣe àwọn ìlàrí, ẹrú méjì sì ru aṣọ tẹ̀ lé e: sányán, àlàárì, àti àrán pupa kan tó ń tàn yanran lóòrùn.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ," ni Madáríkàn wí. "Ọba ní kí n kí yín. Èyí tí kò ṣubú rí yẹn, kí ló kù tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ?"

"Ó ku àkísà méje."

Madáríkàn rò pé ó ń ṣàwàdà ni. "Aṣọ ni mo rù wá, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ àkísà!"

"Ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ni mò ń sọ. Ẹ fún un ní ọdún méjì sí i."

"Ọdún méjì kẹ̀! Bí n kò bá mú un lónìí, ìlú mìíràn á mú un lọ́la. Ẹ jẹ́ ká bi òun alára."

Kí wọ́n tó bi í, Oyèwùsì ti fi àlàárì kan kọ́ èjìká, ó ń yí ọrùn wò ó. Bó ti rí ojú Akínlàjà, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Bí n bá dúró, ta ni n ó máa bá jà níbí? Gbogbo wọn ni mo ti dá."

"O kò tíì bá èmi jà."

"Ẹ̀yin lẹ kò tíì pè mí, Bàbá."

Akínlàjà na ọwọ́, ó fa ọmọ náà dìde. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Máa lọ, kí orí sìn ọ́ lọ." Ó wọ inú ilé lọ, kò sì jáde títí wọ́n fi lọ tán.

Ọ̀nà tí ẹnìkan bá là, kì í pẹ́ di ọ̀nà ọ̀pọ̀. Nígbà tí ìròyìn dé pé Oyèwùsì ti ní àpótí aṣọ kan láàfin, àwọn ìyókù kò gbádùn oorun mọ́. Gbogbo ìgbà tí Madáríkàn bá ti yọ, ẹni méjì-mẹ́ta á tẹ̀ lé e. Òmíràn lọ pẹ̀lú àkísà mẹ́ta, òmíràn pẹ̀lú ọ̀kan. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó lọ tòun ti bàǹtẹ́ tó fi wọlé. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, ó ku ọmọ méjì péré nínú ilé ìjàkadì, àwọn méjèèjì kò sì tíì mọ bàǹtẹ́ sán dáadáa.

Ìyẹn nìkan kọ́. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, akọni Ìdí-Osè a máa pàdé akọni Ọ̀yanrìn lábẹ́ osè. Ọdún méjì tẹ̀ léra ni Oyèwùsì wá jà fún ọba, tó sì tẹ́ àwọn tó bá a jẹun nínú àwo kan sílẹ̀. Ni ọba bá ránṣẹ́: bí Ìdí-Osè bá tún ṣubú ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kí wọ́n ti ilé náà pa, kí ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ ìjà máa bọ̀ láàfin tààrà. Akínlàjà kò ní oko, kò sì kọ́ṣẹ́ mìíràn. Ilé yẹn ni bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, ibẹ̀ ló sì ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ọba dé etí rẹ̀, ẹ̀rù bà á gidigidi.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìjà, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mú àkísà kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ pa kókó rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Èyí, ìbínú ló dá mi. Èyí, mo wo ojú rẹ̀, n kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀." Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, dúró lé e lórí.

"Bàbá Àìná, kí lẹ ń fi àkísà ṣe láàárọ̀ kùtù?"

"Mò ń kí àwọn tó dá mi."

Àṣàkẹ́ wo bàǹtẹ́ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n, ó sì yé e. "Háà! Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún! Bí wọ́n bá ṣẹ́ yín léegun, èmi kọ́ ni n ó máa pọ̀n yín kiri o." Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó lọ gbé òrí wá, ó sì fi ra èjìká tó tẹ̀ náà fún un.

Nígbà tí wọ́n pe ẹni tí yóò jà fún Ìdí-Osè, tí Akínlàjà bọ́ sáàárín agbo, ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Ará Ọ̀yanrìn kan kígbe pé kí wọ́n gbé àga wá fún bàbá. Oyèwùsì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àrán pupa ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti rán ní bàǹtẹ́ fún un, òun ló sì sán wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú rẹ̀.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ jókòó. Ọwọ́ mi kò lè gbé yín ṣánlẹ̀."

"Dìde ńlẹ̀. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ lágbo, ẹ̀yìn nìkan ló kù kó fi kanlẹ̀." Akínlàjà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìjà tó yẹ kí n ti bá ọ jà kí o tó lọ ni mo wá jà. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ìjà bẹ̀rẹ̀. Oyèwùsì kọ́kọ́ rọra ń ti bàbá, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn ilé àna. Bàbá kò mì. Ó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ bàbá ti kúrò níbẹ̀. Ó díbọ́n bí ẹni fẹ́ mú orí, ó wá ọrùn ọwọ́. Ọrùn ọwọ́ náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èrò kò rẹ́rìn-ín mọ́, ìdákẹ́jẹ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí Oyèwùsì nínú. Ló bá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó wọlé sí Akínlàjà lára, ó gbá a mú ní ìbàdí, ó sì gbé e sókè. Ariwo Ọ̀yanrìn gbalẹ̀. Madáríkàn ti ń tú aṣọ tuntun palẹ̀.

Gbogbo ẹni tí Oyèwùsì ti gbé rí ló máa ń gan, tí á máa tàpá. Ara tó gan ló mọ̀ ọ́n gbé. Akínlàjà kò gan. Orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì já wálẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ rọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú omi, ó sì ń yọ̀ lọ lọ́wọ́ ọmọ náà. Àyà Oyèwùsì já. Ó rò pé bàbá ti kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn láti tún un gbá mú dáadáa, ẹsẹ̀ kan yẹn ni Akínlàjà sì ń dúró dè. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ tó kù, ó sì fi èjìká tó tẹ̀ náà tì í. Gbì! Ẹ̀yìn Oyèwùsì bá ilẹ̀, tàrán-tàrán.

Àwọn tó wà lẹ́yìn kò ríran. Wọ́n ń kígbe pé, "Ta ló ṣubú? Ta ló dá a?" Akínlàjà yíjú sí ọmọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí ló dá ọ?"

Oyèwùsì fẹ́ sọ pé, "Ẹ̀yin ni." Ó rántí, ó sì gbé e mì. "Mo gbé ẹsẹ̀ òsì," ló wá wí. "N kò gbé ẹni tó rọ rí. Ta ló kọ́ yín?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Adẹ́mu kan ló fi dá mi, ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé. Mo gbé e sókè báyìí náà, mo ń rẹ́rìn-ín. Àkísà tirẹ̀ ṣì wà nínú agbọ̀n."

Oyèwùsì dìde jókòó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá, aṣọ mi kún àpótí méjì láàfin. Kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún mi." Ó na ọwọ́ mú etí bàǹtẹ́ àrán náà.

"Èèwọ̀!" ni Madáríkàn ké. "Aṣọ ọba kì í ya!"

Oyèwùsì fi eyín sí i, ó sì fà á ya.

Wọn kò ti ilé ìjàkadì mọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Oyèwùsì fi ẹsẹ̀ rìn wọ Ìdí-Osè láìru ẹrù kankan. Ààfin ti gba gbogbo aṣọ padà, àfi èyí tó ya, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Akínlàjà gbé agbọ̀n ṣíṣófo sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, ó gbá okùn aláǹtakùn inú rẹ̀ dànù. Oyèwùsì di àkísà àrán náà ní kókó, ó sì fi í síbẹ̀.

"Ó ku mẹ́fà," ni Akínlàjà wí. "Lọ sán bàǹtẹ́ mìíràn."

Madáríkàn tún wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tòun taṣọ. Wọ́n ní kó tó tú ẹyọ kan, ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé agbọ̀n àwọn ọmọ wá kí òun rí i. Ọ̀rọ̀ àrán yìí àti agbọ̀n orí àjà ni àwọn àgbà ń rántí, tí wọ́n bá rí ọmọ tó ń fi àpótí yangàn, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.