Omi Ìsọmọlórúkọ Tí Òkété Pọn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbiri, ó bọ́ sínú kèrègbè, ó dà sí Òkété lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan mú nílùú àwọn ẹranko. Odò gbẹ, kànga gbẹ. Ìsun kan ṣoṣo ló kù, lórí òkè réré. Àbàtà kan wà nítòsí ilé o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Ẹlẹ́dẹ̀ ti ń yíràá, etí àbàtà náà làwọn ọmọdé sì ń yàgbẹ́ sí. Kò sẹ́ni tó ń mu ún.

Àkókò yẹn ni Ẹmọ́, àbúrò Òkété, bímọ. Ó ti wá ọmọ yìí títí, ojú rẹ̀ ti rí màbo. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ ni yóò pọn omi tí wọn yóò fi kan ọmọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Àfàárọ̀pọn sì lomi náà nílùú wọn: ẹni tó ń pọn ọ́n kò gbọdọ̀ fọhùn lọ́nà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Òkété wo òkè, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Èmi, kí n gun èyí?" Ó tún rò ó wò: ẹni tí wọn kì í bi léèrè, ta ni yóò mọ ibi tó dé?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, ó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ sí àbàtà, ó bu omi ẹlẹ́rẹ̀ sínú ìkòkò, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó fi álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí ń mú ẹrẹ̀ wálẹ̀, rò ó yí po. Kò pẹ́, ẹrẹ̀ wálẹ̀, omi ojú ìkòkò mọ́ gaara bí omijé. Òkété rẹ́rìn-ín. "Omi tó mọ́ tó báyìí, kí ló tún kù?"

Ilẹ̀ mọ́. Ó da èyí tó mọ́ sínú kèrègbè, ó gba inú igbó, ó yọ sójú ọ̀nà òkè bí ẹni tó ti ibẹ̀ ń bọ̀. Ó pàdé Adìẹ, aládùúgbò rẹ̀.

"Òkété, o mà tètè dé. Ṣé o fò ni?"

Òkété fọwọ́ bo ẹnu.

"Háà, má bínú. Mo gbàgbé pé o kì í fọhùn."

Òkété kọjá. Ṣùgbọ́n bí kèrègbè ti ń mì lórí rẹ̀, ó gbọ́ tí omi inú rẹ̀ ń kọrin, òun nìkan ló sì ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é:

Ta ló pọn mí nírọ̀lẹ́ àná?
*Jọ̀wọ̀rọ̀, omi ń mì.*
Orí òkè kọ́ ni mo ti wá.
*Jọ̀wọ̀rọ̀, omi ń mì.*
Ojú mi mọ́, inú mi ò mọ́.
*Jọ̀wọ̀rọ̀, omi ń mì.*
Ẹ má fi mí kan ọmọ lẹ́nu.
*Jọ̀wọ̀rọ̀, omi ń mì.*

Òkété yára. Bó ti ń yára lorin ń le sí i.

Ó délé Ẹmọ́. Ẹmọ́ kúnlẹ̀ gba kèrègbè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ n gbé e kaná kó hó ná. Omi òkè náà, mo máa ń sè é kí n tó mu ún."

"Ṣé ẹ̀kọ lo fẹ́ rò ni? Ẹsẹ̀ ń ro mí látorí òkè, o wá ń pe omi mi ní ìdọ̀tí. Wò ó, wò ó dáadáa."

Ẹmọ́ wò ó. Ó mọ́ gaara. Ojú tì í, ó gbé e sílẹ̀ láàrin ilé.

Baba Ìgbín, àgbà ìlú, gba ọmọ sọ́wọ́. Ẹ sì mọ Baba Ìgbín, kì í kánjú. "Omi... rèé," ó ní. "A kì í... bá omi... ṣọ̀tá."

Adìẹ jáde. Adìẹ wọlé. Adìẹ tún jáde.

"Adìẹ... ṣé èèrà... ń jẹ ọ́ nídìí ni?" Baba Ìgbín bi í.

"Baba, inú ló ń run mí. Látàná ni mo ti ń ṣu omi. N kò sì jẹ nǹkan kan. Omi ẹnu ọ̀nà Òkété ni mo mu, omi tó mọ́ fo."

Òkété ò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo ìlú á ní, "Òkété, báyìí nìwà rẹ." Bó bá sì dákẹ́ ńkọ́? Baba Ìgbín ti ki ìka bọ omi.

Ojú mi mọ́, inú mi ò mọ́.
*Jọ̀wọ̀rọ̀, omi ń mì.*
Ẹ má fi mí kan ọmọ lẹ́nu.
*Jọ̀wọ̀rọ̀, omi ń mì.*

Ìka ń lọ sẹ́nu ọmọ, díẹ̀díẹ̀. Òkété fò dìde, ó gbá ìka náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó já kèrègbè gbà, ó gbé e mu, gbì, gbì, gbì, títí ó fi gbẹ.

"Òùngbẹ ló ń gbẹ mí," ó ní.

Gbogbo ilé yíjú sí i. Adìẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀kánjúwà oúnjẹ la mọ̀. Ti omi ọmọ tuntun ló kù."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí inú Òkété fi dún kùrù. Ó sáré wọ igbó, ó gbẹ́ ihò, ó ṣe é síbẹ̀. Kò tíì bò ó tán, inú tún dún, ó gbẹ́ òmíràn. Nígbà tóòrùn fi kan àtàrí, ó ti nà gbalaja, ojú rẹ̀ ti jìn sínú.

Ẹmọ́ pọn ọmọ, ó tọ ipa ihò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ ti pọn omi yẹn?"

"Àbàtà ni."

Ẹmọ́ tún ọmọ so mọ́ ẹ̀yìn. "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Ǹ bá gun òkè náà fúnra mi, tòun tọ́mọ lẹ́yìn."

Ó se omi, ó jẹ́ kó tutù, ó po iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà sí i, ó ń fún un mu ní ẹ̀kán, ní ẹ̀kán, títí ojú rẹ̀ fi là. Ó bu fún Adìẹ náà, nítorí Adìẹ wà lẹ́yìn igbó tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹnu Adìẹ kò sì mọ ìdákẹ́, kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi gbọ́.

Ẹmọ́ gun òkè. Ó pọn omi, ó sè é, ó dé e. Baba Ìgbín fi kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n pe ọmọ náà ní Omíyalé. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá pọn omi dé ìlú yẹn, wọ́n á bi í níbo, á sì dáhùn, omi náà á sì rí iná. Ìtìjú kò sì jẹ́ kí Òkété máa jáde lọ́sàn-án mọ́, inú ihò ló kù sí.

Ibi tí mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ rèé, bí ẹni sọ kèrègbè. Bí mo bá purọ́, kí omi inú rẹ̀ má mì. Ó mì àbí kò mì?
*Jọ̀wọ̀rọ̀, ó mì.*

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé omi tó mọ́ lójú lè máà mọ́ nínú. Ẹ bèèrè ibi tó ti wá, kí ẹ sì sè é kó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún.