Pẹ̀lẹ́ Tó Bí Àmù

"Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo." Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá fún mi, ọ̀pọ̀ yín ni yóò máa họ orí. Àwọn kan á ní ohùn ni: pé pẹ̀lẹ́ tí a fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ni abo, èyí tí a fi ohùn líle sọ ni akọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo tilẹ̀ ń fi yangàn, títí di ọjọ́ tí ìyá tó bí ìyá mi fi mí rẹ́rìn-ín, tó sì ní kí n jókòó. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́ fún yín.

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Amọ̀, ìkòkò mímọ ni iṣẹ́ àwọn obìnrin. Abẹ́ àtíbàbà gígùn kan ni gbogbo wọn ti ń ṣe é, olúkúlùkù ló sì ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀, tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ má rò pé wọ́n ń jókòó ṣe iṣẹ́ yìí o. Ilẹ̀ ni ìkòkò máa ń wà. Amọ̀kòkò ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, tí yóò máa fi ọwọ́ fa amọ̀ sókè títí ara ìkòkò yóò fi dọ́gba. Ẹni tó bá ń mọ àmù, ìkòkò ńlá tí à ń pọn omi sí, lè yí i ká títí ilẹ̀ á fi jin ní ìpasẹ̀ rẹ̀.

Òfin kan wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń kó ìkòkò wọn sínú iná. Bí wọ́n bá dáná lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra tí ìkòkò obìnrin kan kò sí níbẹ̀, àyè rẹ̀ bọ́ nìyẹn, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún. Wọn kò fi ìkà ṣe òfin náà, nítorí àwọn ọmọge tó ń wá àyè pọ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí a kò fi ìkà ṣe náà a máa dun ẹni tó bá bá.

Àwẹ̀ró ni ó bá. Àwẹ̀ró yìí, bí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn tó mọ àmù mọ ní Òkè-Amọ̀, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá. Àyè tó ti ń ṣiṣẹ́ ni ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kú. Ipa ẹsẹ̀ ìyá náà ṣì wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó yí po bí òrùka, ibẹ̀ náà sì ni Àwẹ̀ró ń tẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ àgbà ti fẹ́yàwó, tó ti bímọ, ni làkúrègbé wọ orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Bó bá jí láàárọ̀ tó fẹ́ dìde lórí ẹní, orúnkún á kọ̀, àfi kó jókòó kó máa fi ọwọ́ ra á, kó máa bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, orúnkún wú, bíbẹ̀rẹ̀ di ìjà, yíyí ìkòkò ká kò sì ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n dáná kan, ìkòkò rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n dá èkejì, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ku oṣù kan.

Nínú ilé, Móradéun, ìyàwó Ládiípọ̀ ọmọ rẹ̀, ló ń tọ́jú rẹ̀. Obìnrin dáadáa ni o, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má baà kórìíra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ yá. Bí Àwẹ̀ró bá na ọwọ́ sí igbá omi, Móradéun á ti gbé e. Bó bá fẹ́ gbálẹ̀, Móradéun á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ jókòó." Bó bá dìde, pẹ̀lẹ́. Bó bá jókòó, pẹ̀lẹ́. Àwọn aládùúgbò a máa ju pẹ̀lẹ́ wọlé láti ẹ̀yìn ògiri bí wọ́n bá ń kọjá lọ sí odò, wọn kì í sì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Díẹ̀díẹ̀, Àwẹ̀ró di àlejò nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó kéré jù, tí kò tíì mọ orúkọ baba rẹ̀ pè, wò ó níbi tó jókòó sí jẹ́ẹ́, ó ní "pẹ̀ẹ́". Àwẹ̀ró jágbe mọ́ ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ bo ojú, ó sunkún, nítorí kì í ṣe ọmọ ló ń bí i nínú. Àyè ìyá rẹ̀ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń dùn ún.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Àrìnpé wọlé. Àrìnpé ṣáájú Àwẹ̀ró láyé díẹ̀, òun náà ti jẹ́ amọ̀kòkò rí, ṣùgbọ́n ó ti fi ìkòkò mímọ sílẹ̀ tipẹ́, amọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ gún fún àwọn yòókù. Ìlú kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ní ó ń gbéra ga: bí ènìyàn bá fún un ní nǹkan, kì í fi ọwọ́ gbà á, apá ni yóò tẹ́, abẹ́ ìborùn ni ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń wà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ohùn rẹ̀ le bí ti ọkùnrin tó ń lé ewúrẹ́ nínú oko. Kò dúró kí wọ́n fi ìjókòó lọ̀ ọ́.

"Àwẹ̀ró, pẹ̀lẹ́," ó wí bí ẹni tó fẹ́ jà.

Àwẹ̀ró ní kó má bínú, kó gbé pẹ̀lẹ́ rẹ̀ padà sílé, pé tinú ilé yìí ti tó wọn í jẹ, ó ti tó wọn í tà. Àrìnpé kò bínú. Ó wo orúnkún méjèèjì fínnífínní bí ẹni tó fẹ́ rà wọ́n.

"Ṣé àárọ̀ ló máa ń le jù, àbí ìrọ̀lẹ́?" ó bi í. "Bó o bá sì jókòó pẹ́, ṣé kì í ṣe bí ẹni pé wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́ pọ̀?"

Àwẹ̀ró gbójú sókè. Wọ́n ti bi í bóyá ó jẹun, wọ́n ti bi í bóyá ó sùn, wọ́n ti bi í ta ló ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní èyí rí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín?"

Àrìnpé tú ìborùn rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí itan. Gbogbo oríkèé ìka rẹ̀ ló wú, tí ó wọ́, bí atalẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú. "Ọdún mẹ́sàn-án rèé," ó wí. "Mo jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní agbéraga. Èébú ṣì sàn fún mi ju kí wọ́n máa kí mi bí òkú tó jókòó."

Ọ̀rọ̀ òkú tó jókòó yìí ló pa Àwẹ̀ró lẹ́rìn-ín. Ó rín in títí Móradéun fi yọjú wò ó láti ilé ìdáná, Àrìnpé náà bá a rín in, nígbà tí ẹ̀rín yóò sì fi tán, omi ti lé ròrò sí ojú àwọn méjèèjì. Ẹni tó ti ń dá ìrora rù, tó wá rí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lójijì, inú rẹ̀ a máa dùn lọ́nà kan tí kò ṣeé ṣàlàyé fún ẹni tí ara rẹ̀ le.

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Àrìnpé sọ fún un pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kó kọ́kọ́ fi ra orúnkún láàárọ̀, kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, kó sì má jókòó pẹ́ láìrìn díẹ̀, nítorí orúnkún tí a kò bá rán níṣẹ́ a máa gbàgbé iṣẹ́. Àwẹ̀ró náà mú ṣíbí igi rẹ̀, ó fi àkísà wé ọrùn rẹ̀ kí ó ki, ó ní kí Àrìnpé dì í mú wò. Ó dì í mú. Ó ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti di ṣíbí mú láìfajúro. Bó ṣe fẹ́ lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọwọ́ rẹ ṣì wà. Ẹsẹ̀ mi ṣì wà. Lọ́la, bá mi ní àtíbàbà."

Ní ọjọ́ kejì, Àrìnpé gbé àpótí kan sí ojú ipa ẹsẹ̀ ìyá Àwẹ̀ró, ó ní kí Àwẹ̀ró jókòó lé e. Ó gbé ìdí ìkòkò kan tó ti fọ́ síwájú rẹ̀, ó da ẹrẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ kí ó lè máa yọ̀, ó ní kó gbé amọ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ó di òpó àtíbàbà mú pẹ̀lú ìgúnpá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ti ìdí ìkòkò náà, tí ó ń yí. Ẹ ò rí i bí! Àwẹ̀ró kò yí ìkòkò ká mọ́, ìkòkò ló ń yí síwájú Àwẹ̀ró.

Àwọn obìnrin yòókù fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń wò. Òmíràn ní ìkòkò tí a kò bá yí ká, inú iná ni yóò ti là. Òmíràn bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ ni wọn yóò fi se ọbẹ̀ lọ́la. Ìyá Amọ̀kòkò, olórí gbogbo wọn, obìnrin gbígbẹ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, iná ni yóò dá ẹjọ́ náà.

Àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ dàwó. Ẹsẹ̀ Àrìnpé yá jù. Èkejì náà dàwó, wọ́n sì bú ara wọn díẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú ẹ̀kẹta, tí amọ̀ ń gòkè, tí ìdí ìkòkò tún fẹ́ máa sáré, Àwẹ̀ró pariwo láìmọ̀: "Pẹ̀lẹ́!" Àrìnpé dẹ ẹsẹ̀. "Pẹ̀lẹ́," Àwẹ̀ró tún wí, ó ń fa amọ̀ sókè. "Pẹ̀lẹ́," Àrìnpé dá a lóhùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń rọra lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn títí ìkòkò fi ní ikùn, tí ó ní ọrùn, tí ó ní ètè. Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró kò fẹ́ gbọ́ sétí ni wọ́n wá fi ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ iná pé. Wọ́n to ìkòkò, wọ́n kó igi àti koríko bò wọ́n, wọ́n ṣáná sí i. Àwẹ̀ró kò jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí eérú tutù, Ìyá Amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ fi igi gbọn eérú kúrò lára àmù tí àwọn méjèèjì mọ. Ó wò ó yípo, ó fi eegun ìka kàn án. Ìkòkò tó bá là, ohùn rẹ̀ a máa kú. Èyí dún gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n. N kò ní purọ́ fún yín, ó wọ́ sí apá òsì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò là, kò sì jò. Ìyá Amọ̀kòkò ní ìkòkò Àwẹ̀ró wà nínú iná, àyè rẹ̀ ṣì ni tirẹ̀; ó ní láti òní lọ, kí àpótí méjì máa wà níbẹ̀.

Ládiípọ̀ àti Móradéun wá bá wọn gbé àmù náà. Bí Àwẹ̀ró ti ń gbìyànjú láti dìde, Àrìnpé fi ohùn rẹ̀ tó le yẹn ní, "Pẹ̀lẹ́, Àwẹ̀ró," Àwẹ̀ró sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Ládiípọ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ kan náà kúkú ni," ó wí. "Bí Móradéun bá fi ohùn tútù sọ ọ́, ẹ ó fajú ro. Bí ìyá yìí bá fi ohùn líle sọ ọ́, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Kí ni ìyàwó mi fi ṣẹ̀ yín?"

"Kò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi," Àwẹ̀ró dáhùn. "Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo." Ó gbé ọwọ́ lé ikùn àmù náà. "Akọ kì í bímọ. Pẹ̀lẹ́ tiyín dùn létí, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá sọ ọ́ sí náà ló ń pin sí. Pẹ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí ló bí èyí."

Ládiípọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ìdí àmù náà mú. Ọ̀rọ̀ náà wọ Móradéun létí. Nígbà tí Àwẹ̀ró jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, Móradéun sì kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń béèrè bóyá toní le ju tàná lọ. Kò gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ní àtíbàbà pàápàá, obìnrin kan yọ sí wọn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ní ọrùn ọwọ́ òun ń ro òun láti ọdún tó kọjá, òun kò kàn jẹ́wọ́ ni. Òmíràn tẹ̀lé e. Wọ́n wá ń pàdé láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ki ọwọ́ bọ omi, wọ́n á máa jiyàn orúnkún ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé òjò ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Amọ̀kòkò tí kì í sọ̀rọ̀ gbé igbá omi tirẹ̀ wá, ó jókòó sí àárín wọn, ó sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n sún fún un.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti ṣẹ̀. Àwọn àgbà a máa pa á bí ẹnìkan bá ń kẹ́dùn lẹ́nu lásán tí kò na ọwọ́, tàbí bí ìkíni bá dùn létí tí ẹ̀gàn sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún máa ń pa á láti gbèjà ẹni tí ohùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé òun ló dúró tini. Ìyá tó bí ìyá mi ń fi òróró ra orúnkún rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Nígbà tó parí, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá." Ó wò mí, ó ní, "Èwo nìyẹn?" Mo gba òróró lọ́wọ́ rẹ̀.