Òkété àti Ọ̀kẹ́rẹ́ Pín Kọ̀ǹpútà Kan

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!
Àlọ̀ọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sílé Òkété àti àbúrò rẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ètò àtijọ́ kan ló ń darí rẹ̀, ibẹ̀ ni Òkété tọ́jú ohùn ìyá wọn tó ti kú sí. Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ fi ètò tuntun tí yóò máa fi yàwòrán rọ́pò rẹ̀, èyí tó lè pa gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ rẹ́.

"Bí o bá pa ohùn Ìyá rẹ́, ilé yìí kò ní gba àwa méjèèjì!" Òkété jágbe.

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré pe Aláǹtakùn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Aláǹtakùn ní, "Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohùn náà síbòmíràn, kí n wá pín inú kọ̀ǹpútà sí yàrá méjì, ọ̀kan fún ètò kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n ṣe ẹ̀dà náà. Aláǹtakùn pín kọ̀ǹpútà, ó fi ètò tuntun sí yàrá kejì, ó tàn án: ojú rẹ̀ dúdú kirikiri! Ó tún un tàn: ètò àtijọ́ nìkan ló yọjú. Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́kún. Ẹ bá mi gbè é!

Yàrá méjì, ẹ ṣílẹ̀kùn,
Gbàgà!
Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀, àbúrò ń bọ̀,
Gbàgà!

Aláǹtakùn fi ọ̀nà yàrá tuntun han kọ̀ǹpútà, ó tàn án lẹ́ẹ̀kẹta. Háà! Orúkọ ètò méjèèjì yọ, kọ̀ǹpútà ń bi wọ́n pé èwo ni kí òun ṣí. Wọ́n fò sókè, wọ́n dì mọ́ra!

Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáájú," Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

Òkété mirí. "Rárá, ṣí tìrẹ. Mo fẹ́ wo ohun tí o máa yà."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó fàyè sílẹ̀ fún ọmọ ìyá rẹ̀, ilé rẹ̀ kì í há. Àlọ́ mi ti wọlé, ó ti jókòó.